Èdè R Kì Í Pariwo: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ìjà Sílẹ̀ Nínú Àjọ Wa

Lónìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì, tàbí lẹ́nu àwọn tó ń fi alẹ́ kọ́ iṣẹ́ dátà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. R ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni, pàápàá tó bá kan ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tó fi ojú mi rí.

Àwa méjìlá la jọ ń dá àjọ. £200 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó £2,400. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àjọ ṣe rí nílẹ̀ yìí, òun ló ń san owó ilé fún ẹlòmíì, òun ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. A ti fẹnu kò pé a ò ní tò ó sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé lágbájá ló máa kọ́kọ́ kó, tàmẹ̀dò ló máa kẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa rí. Wọ́n ní kí a máa ṣẹ́ kèké lóṣooṣù. Èmi tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun wá nàró, mo ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi." Gbogbo wọn ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ò ní ẹbí, kò ní ọ̀rẹ́, kò lè ṣe ojúsàájú.

Mo fún oníkálukú ní nọ́ńbà, láti 1 dé 12. Mo wá fi R kọ ètò kékeré kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́fà àárọ̀, ètò náà á wo nọ́ńbà àwọn tí kò tíì kó, á mú ọ̀kan nínú wọn, á sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni nǹkan yìí ṣiṣẹ́, tí kò sí ẹni tó wí nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ ń yìn mí.

Ó wá di oṣù kejìlá. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Nọ́ńbà 9 ni, àǹtí kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé àwọn ló kàn. Wọ́n ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì ilé. Aago mẹ́fà lù, ímeèlì jáde: nọ́ńbà 4 ló kàn.

Nọ́ńbà 4 ti kó tiẹ̀ láti oṣù kẹta. Nọ́ńbà 4 sì rèé, ìyàwó èmi gan-an ni.

Mi ò tíì fọ ẹnu tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹnì kan béèrè pé oṣù mélòó ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣe báyìí tí àwọn ò mọ̀. Màmá ló pè gbẹ̀yìn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn?" Ẹ gbà mí o. Mo jókòó ti ètò yẹn fún bíi wákàtí mẹ́ta, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tí mo ṣì kọ. Kò sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ní àṣìṣe wà. Ohun gbogbo dára, àfi ìdáhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Àṣẹ tí a fi ń ṣẹ́ kèké nínú R ni wọ́n ń pè ní sample. Tí ẹ bá gbé nọ́ńbà mẹ́ta fún un, ká ní 2, 5 àti 9, á mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn yé ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 9 nìkan ṣoṣo lẹ gbé fún un, kò ní sọ pé, "Ó dáa, ẹnì kan ló kù, òun náà nìyí." Ohun tó máa rò ni pé ẹ fẹ́ kí òun mú nọ́ńbà kan láti 1 títí dé 9. Ló bá mú 4. Nínú ìgbà mẹ́sàn-án tí a bá ṣe é, bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló máa bọ́ sórí Màmá. Ká ní nọ́ńbà 1 ni wọ́n sì fún Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn ìbá tọ̀nà, mi ò bá má sì mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ nínú ètò yẹn títí dòní.

Ibi tó dùn mí jù ni pé àwọn tó ń tọ́jú R ò fi pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé àṣẹ náà pé ìwà yìí lè kó ni sí wàhálà, wọ́n sì fi bí a ṣe lè yẹra fún un síbẹ̀. Èmi ni mi ò kà á. Ta ló ń ka ìwé àlàyé nǹkan tó ń ṣiṣẹ́?

Ó yẹ kí n sọ ibi tí R ti wá, torí ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ ti wá. Ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, làwọn olùkọ́ méjì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ross Ihaka ni ọ̀kan, ọmọ Māori ni, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Èkejì ni Robert Gentleman, ọmọ Kánádà. Wọ́n ń wá nǹkan tí wọ́n á fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìṣirò. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì ló di orúkọ èdè náà, wọ́n sì tún fi ń ṣàwàdà lórí èdè kan tó ṣáájú tiwọn tó ń jẹ́ S, tí John Chambers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976. Lọ́dún 1995, wọ́n fi R sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000, ọjọ́ tí kì í wáyé lọ́dọọdún. Lónìí, àwọn àfikún tí àwọn èèyàn kọ fún un, tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan kọ́bọ̀, ti lé ní 20,000.

Ọ̀fẹ́ yẹn ló jẹ́ kó kan àwa náà. Ètò ìṣirò mìíràn wà tí owó rẹ̀ lè lé èèyàn sá. R ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní London, ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń kàwé sí i lórí ìlera aráàlú, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ìṣirò fún ilé ìfowópamọ́, àwọn tó ń ka iye aláìsàn nínú NHS, ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ lọ wo kọ̀ǹpútà ọmọ yín, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀.

Kí ló dé tó fi ní irú ìwà yìí? Ohun tí mo rò ni pé S tó bí i, fún ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kíákíá ni wọ́n ṣe é fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ tẹ nǹkan gùn. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ojú inú mọ ohun tí òun ń sọ. Ìránṣẹ́ tó gbọ́n lójú ni wọ́n fẹ́, èyí tí wàá pe orúkọ nǹkan dé ìdajì tó ti sáré lọ gbé e wá. Ìṣòro ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé tí kò bá mọ èyí tí ẹ fẹ́, kò ní padà wá béèrè. Á kàn gbé ọ̀kan wá, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ wo èyí. Ká ní ẹ ní tábìlì kan tó ń jẹ́ ajo, tí orúkọ òpó kan nínú rẹ̀ ń jẹ́ owo_osu. Ẹ fẹ́ lò ó, ẹ kọ ajo$owo, ẹ ò parí orúkọ náà. R á ní, "Mo mọ èyí tí ẹ ń wí," á gbé owo_osu wá. Ó dára. Ó ku bí oṣù mẹ́ta, ẹ wá fi òpó mìíràn kún tábìlì náà, ẹ pè é ní owo_ku. Báyìí, méjì ni wọ́n tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owo. Ẹ̀yin ò fọwọ́ kan ìlà tó ń ṣírò owó, ṣùgbọ́n ajo$owo ti di òfo, ohun tí R ń pè ní NULL. Kò ní pariwo. Tí ẹ bá sì ní kó ro àròpọ̀ òfo yẹn, á dá yín lóhùn pé 0. Owó gbogbo èèyàn ti di òfo, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ẹ máa kọ orúkọ òpó yín pé, jọ̀ọ́.

Ìtàn kejì kì í ṣe tèmi. Àbúrò kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni, lọ́dún 2018, nígbà tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá fún oyè másítà. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé, àwọn tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 65 sí 100. Ó kó ọjọ́ orí wọn sínú R, ó ní kó bá òun wá ìpíndọ́gba. R ní ọdún 15. Ó pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àgbàlagbà mi ti di ọmọ ilé-ìwé girama."

Ohun tó fà á ni pé níbì kan nínú òpó ọjọ́ orí yẹn, ẹnì kan ti kọ "not known" dípò nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn ti ba gbogbo òpó jẹ́, R ò ka ọjọ́ orí sí nọ́ńbà mọ́, ó kà á sí ọ̀rọ̀. Nígbà yẹn sì rèé, tí R bá ti ka ọ̀rọ̀ wọlé báyìí, á sọ ọ́ di nǹkan tí wọ́n ń pè ní factor. Ohun tí factor ń ṣe ni pé á to àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀léra, á fún ti àkọ́kọ́ ní 1, á fún èkejì ní 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá wá ní kó sọ factor padà di nọ́ńbà, ipò tó wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ló máa fún yín, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 65 di 2, ẹni ọdún 66 di 3. Ẹni ọdún 100 ńkọ́? Òun ló di 1, torí tí a bá ń to ọ̀rọ̀ bíi ti inú ìwé atúmọ̀ èdè, "100" ló ṣáájú "65". Àgbà tó dàgbà jù lọ nínú ilé ló di ìkókó. Ẹni tí wọ́n ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ló wá ní nọ́ńbà tó ga jù.

Àbúrò yìí rí i nítorí pé ọdún 15 ò ṣeé gbà gbọ́. Ká ní ọjọ́ orí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni ńkọ́? Ká ní òṣùwọ̀n ìrora ni, láti 0 dé 10? Nọ́ńbà tó jáde á jọ òótọ́, á bá a lọ sínú ìwé, ẹnì kan á sì fi ṣe ìpinnu lórí aláìsàn. Èyí ni kì í jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín.

Wọ́n ti tún apá kan rẹ̀ ṣe. Láti ẹ̀dà 4.0.0, tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2020, R kì í fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ di factor mọ́ tó bá ń ka fáìlì wọlé. Tí ẹ bá ní kó sọ "not known" di nọ́ńbà lónìí, á kìlọ̀, á sì fi NA síbẹ̀. Ṣùgbọ́n factor ṣì wà, àwọn èèyàn ṣì ń lò ó, ìwà rẹ̀ ò sì yí padà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ pẹ̀lú as.character, kí ẹ tó sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Mo dárúkọ NA. Ohun tí R ń kọ síbi tí kò sí ìdáhùn nìyẹn, ìyẹn "a ò mọ̀". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bínú sí i. Ẹ bi R pé ṣé NA dọ́gba pẹ̀lú NA, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, NA ló máa fi dá yín lóhùn. Wọ́n ní òmùgọ̀ ni. Èmi ò gbà. Ká ní bàbá méjì wà lábúlé tí a ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Ṣé ọjọ́ orí wọn dọ́gba? A ò mọ̀. Ìdáhùn R ló tọ̀nà, àwa la máa ń fẹ́ mọ ohun tí a ò mọ̀. Ní ti èyí, R gbọ́n jù wá lọ.

Àmọ́ NA kan wà tó kan ilẹ̀ Áfíríkà tààrà. Lẹ́tà méjì tí gbogbo ayé fi ń dá orílẹ̀-èdè mọ̀ wà: NG ni Nàìjíríà, BJ ni Bẹ̀nẹ̀, TG ni Tógò. Ẹ wo ti Nàmíbíà: NA ni. Tí ẹ bá fi read.csv ka fáìlì tó ní òpó orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ wọlé, R á pàdé NA, á sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Orílẹ̀-èdè odindi pòórá. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ṣèwádìí lórí Áfíríkà, tí Nàmíbíà bá sọnù nínú tábìlì yín, ibi tó gbà nìyẹn. Ẹ kọ na.strings = "" sínú àṣẹ yẹn, ó máa padà wá.

Ó ku èyí tí mo rò pé ó léwu jù, torí ó jọ ohun tí èèyàn gidi máa kọ. Ẹ ní orúkọ ìlú àwọn èèyàn mẹ́fà, báyìí: Lagos, Ibadan, Ibadan, Lagos, Lagos, Abeokuta. Ẹ fẹ́ yọ àwọn ará Lagos àti Ibadan jáde. Ojú lásán ti fi hàn pé márùn-ún ni wọ́n. Ẹ wá kọ ọ́ sí R pé ilu == c("Lagos", "Ibadan"). Mẹ́ta péré ló máa fún yín.

Kí ló ṣe? R ò ka ọ̀rọ̀ yín sí "Lagos tàbí Ibadan". Ó mú àkójọ kúkúrú, ó ń lò ó yípo: ó fi ẹni kìíní wé Lagos, ó fi ẹni kejì wé Ibadan, ó fi ẹni kẹta wé Lagos, ó fi ẹni kẹrin wé Ibadan, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹni kẹta jẹ́ ará Ibadan, ṣùgbọ́n Lagos ni wọ́n fi wé e, ló bá bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni kẹrin náà bọ́ọ́lẹ̀ bákan náà. Torí pé 6 ṣeé pín sí 2 láìṣẹ́kù, R ò tilẹ̀ kìlọ̀. Ká ní èèyàn méje ni, ìbá kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣì dáhùn. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ ni %in%, kì í ṣe ==. Ẹ fojú inú wo fáìlì tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn. Ta ló máa fi ojú kà á pé ìdajì wọn ti lọ?

Ìwà yípo yìí náà ló ń jẹ́ kí R dùn ún lò, ẹ má ṣì mí gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi £5 kún owó gbogbo èèyàn, ẹ kọ owo + 5, ó parí. Àǹfààní àti ewu jọ ń gbé inú ilé kan náà ni.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí n sáré dárúkọ wọn. Ẹ ní kí R bá yín wá èyí tó tóbi jù nínú 40, 50 àti 60, ẹ kọ max(40, 50, 60), á ní 60. Ẹ wá kọ mean(40, 50, 60) láti wá ìpíndọ́gba wọn, á ní 40. Òótọ́ ni mo sọ, 40. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ló kà sí dátà, ó ka 50 àti 60 sí ìlànà bí a ṣe fẹ́ kó ṣe é. mean(c(40, 50, 60)) lẹ gbọ́dọ̀ kọ. Ẹ fẹ́ mọ àwọn tí òṣùwọ̀n wọn kéré sí òdì 5, ẹ kọ x<-5 láìfi àlàfo sí i, R á rò pé ọfà ni, á sọ x di 5, dátà yín á lọ. Ẹ fẹ́ yọ àwọn tó jẹ gbèsè ju £100 lọ kúrò nínú àkójọ, ẹ kọ gbese[-which(gbese > 100)]. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá jẹ gbèsè bẹ́ẹ̀. Lóṣù tí gbogbo èèyàn bá san owó wọn, tí kò sẹ́ni tí ẹ máa yọ, gbogbo orúkọ ló máa pòórá pátá. Ẹ̀san ìwà rere rèé!

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ṣọ́ round. Wọ́n kọ́ ọmọ yín nílé ìwé pé 2.5 tí a bá sọ ọ́ di odidi, 3 ni. R ní 2 ni. Ó tún ní 3.5 di 4. Kì í ṣe àṣìṣe o. Tó bá ti jẹ́ ìdajì gééré, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló máa ń sá lọ bá, kí àròpọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà má baà máa ga sókè ṣáá. Ìdí wà fún un, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án.

Èyí tó kẹ́yìn kan orúkọ wa gan-an, R nìkan sì kọ́ ló ni ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ mú orúkọ Bọ́lá. Lójú yín, lẹ́tà mẹ́rin ni. Ẹ fi nchar bi R, ó lè ní 5, ó lè ní 7. Ìdí ni pé bátánì tí ẹ lò láti tẹ ọ́ yàtọ̀ sí tẹlòmíì. Kọ̀ǹpútà kan á kọ ọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan tó ní àmì nísàlẹ̀, á wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á kọ o lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, á tún fi àmì ohùn kún un, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Lórí ìwé, ìyàtọ̀ kankan ò sí. Ẹ bi R bóyá Bọ́lá méjèèjì dọ́gba, á ní FALSE, wọn ò dọ́gba.

Mo rí èyí nínú àkójọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ní kí n bá wọn tò. Ẹnì kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó san owó lábẹ́ orúkọ kan, ó jẹ gbèsè lábẹ́ èkejì. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i pé kó wá san gbèsè. Àfikún kan wà tó ń jẹ́ stringi, àṣẹ inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní stri_trans_nfc máa ń sọ gbogbo ọ̀nà tí a gbà kọ ọ́ di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ lò ó kí ẹ tó ka orúkọ Yorùbá kankan. Mo mọ àwọn tó ń sọ pé ká kúkú yọ àmì kúrò lórí orúkọ kí wàhálà lè dín kù. Èmi ò sí lára wọn. Bí a ṣe máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ orúkọ wa ló yẹ ká kọ́.

Ní ti àjọ wa, Màmá gba £2,400 wọn kí aago méjìlá ọ̀sán Sátidé yẹn tó lù, wọ́n sì lọ ilé, wọ́n dé láyọ̀. Ó gbà mí ní odindi ìpàdé kan láti ṣàlàyé 1 sí 9 fún wọn. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ, mo ní kí oníkálukú wọn tẹ sample(9, 1) fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i tó ń bọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹni tó ti ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́lẹ̀ wá rẹ́rìn-ín. Mo ti tún ètò náà kọ, ó ti ń mú ipò nínú àkójọ báyìí dípò nọ́ńbà fúnra rẹ̀, bí ìwé àlàyé ṣe sọ. Mo dán an wò lórí ẹnì kan, lórí ẹni méjì, lórí méjìlá.

Wọ́n dúpẹ́. Màmá wá ní àwọn gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yé àwọn dáadáa, ṣùgbọ́n ní ti àjọ tó ń bọ̀, kí a gé ìwé sí méjìlá, kí a ká a, kí a kó o sínú abọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ká ìwé náà, wọ́n sì ní kí ìyàwó mi jókòó sí ọ̀nà jíjìn.